Ohùn Mẹ́rin Nínú Ọkọ̀ Kan

Ọjọ́ kejìlá, oṣù kìíní

Màámi mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ẹ kú àfojúsọ́nà wa. Orúnkún yín ńkọ́? Ṣé ó ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ gun àtẹ̀gùn láìdúró sinmi láàárín? Àwa náà wà dáadáa. Mo ṣì ń wa bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti gbé mi kúrò lọ́nà ilé ìwòsàn, ọ̀nà tó gba iwájú àwọn iléèwé ni wọ́n fi mí sí. Àwọn ọmọ tó ń pariwo mọ́ mi létí láàárọ̀ náà ló ń pa á lọ́sàn-án. Ìyàwó mi ní kí n kí yín. Ó ṣì ń dáná nílé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Jẹ́jẹ́ ọmọ wa ló jẹ́ kí n mú kálàmù. Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lórúkọ yẹn nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, torí pé tí ebi bá ń pa á, kì í ké, ńṣe ló máa ń tẹjú mọ́ èèyàn. Màámi, ọmọ yín kì í sọ̀rọ̀ níléèwé. Kì í ṣe pé kò gbọ́ èdè ilẹ̀ òkèèrè tá a wà yìí o. Ó ń gbọ́ ọ, ó sì ń kọ ọ́ dáadáa ju èmi tí mò ń fi í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́. Àmọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì, ó pe ọ̀rọ̀ kan lódì, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àtọjọ́ náà ló ti pa ẹnu dé. Tí wọ́n bá bi í ní nǹkan, orí tábìlì ló máa ń wò. Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá. Ó ní òun fẹ́ràn ọmọ náà, àmọ́ ní kíláàsì tó kàn, ẹgbẹ́ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tí kò bá lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò lè bá wọn ṣe é. Tí nǹkan ò bá yí padà kí ọdún ẹ̀kọ́ yìí tó parí, wọ́n á dá a dúró síbi tó wà, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì máa lọ.

Tíṣà yìí náà ló gbà wá nímọ̀ràn ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín sí. Géèmù kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Ọkọ̀ Ìgbàlà. Omi ń ru, àwọn èèyàn há sórí àpáta lójú òkun, ẹ̀yin mẹ́rin lẹ sì fẹ́ lọ kó wọn. Ẹnì kan ń tu ọkọ̀, ṣùgbọ́n ògiri ló wà níwájú rẹ̀, kò rí òkun. Ẹnì kejì wà lókè òpó, ó ń rí gbogbo òkun, ṣùgbọ́n kò ní ohunkóhun lọ́wọ́ tó lè fi darí ọkọ̀. Ẹnì kẹta wà nídìí ẹ́ńjìnì. Ẹnì kẹrin ló ń gbọ́n omi jáde, òun náà ló sì ń ju okùn sí àwọn tó há. Ohun tí ojú ẹnì kan rí, ojú ẹnì kejì ò lè rí i, àfi kó fẹnu sọ ọ́. Tí wọ́n bá sì sọ̀rọ̀ pa pọ̀, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, tábúlẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi ń ya fọ́tò lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí mi, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ àbúrò mi méjèèjì, Ọ̀gá àti Kíákíá, máa fi bá a ṣeré ní ọ̀sán Sátidé. Èdè ilé ni wọ́n á jọ máa sọ, ojú ò ní tì í lọ́dọ̀ wọn. Géèmù náà máa ń pín ojú tábúlẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ẹni tó bá jọ ń lò ó. Èmi ni màá ṣe ẹnì kẹrin.

Mi ò fi fóònù sọ ọ́ torí mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ fóònù a máa fò lọ, lẹ́tà ló ń jókòó deni.

Èmi ọmọ yín,
Awakọ̀


Ọjọ́ kọkànlélógún, oṣù kìíní

Àkọ́bí mi,

Mo ka lẹ́tà rẹ, mo tún ní kí Ọ̀gá kà á sí mi létí, torí mo rò pé ojú ló ń tàn mí jẹ. Orúnkún mi wà níbi tó wà. Àtẹ̀gùn ni kó wá bẹ̀ ẹ́.

Ṣé ohun tó o wá sọ ni pé ọmọ ò sọ̀rọ̀, oògùn rẹ̀ sì ni kó lọ máa ṣeré? Èmi tí mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbẹ̀bí ìdajì àdúgbò yìí kí n tó fẹ̀yìn tì, mi ò tíì rí ọmọ tí géèmù yọ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹnu la fi ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀. Jẹ́ kí n bi ọ́: ṣé ìwọ àti ìyàwó rẹ ń bá a sọ̀rọ̀ nílé ṣá? Àbí ẹ̀ ń ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ̀ ń sọ pé "jẹun, wẹ̀, lọ sùn," ẹ sì ń rò pé ọ̀rọ̀ nìyẹn? Ohun tí mo rò ni mo sọ o, má bínú sí mi.

O sì fẹ́ fi Ọ̀gá àti Kíákíá ràn án lọ́wọ́. Wá wo àwọn olùrànlọ́wọ́! Látìgbà tí àbúrò rẹ ti gba iṣẹ́ aránṣọ ní ìlú kejì, tó jẹ́ pé ìparí oṣù la máa ń rí i, ìjà ni mò ń là nínú ilé yìí. Ọ̀gá gbà pé torí kó lè máa pàṣẹ ni wọ́n ṣe bí i. Kíákíá ní tiẹ̀, o ò ní tíì parí gbólóhùn tí yóò ti lọ ṣe ìdajì rẹ̀, tí yóò sì ṣe é lódì. Lánàá, mo ní kí wọ́n jọ gbé kẹ́ẹ̀gì omi ńlá, kí ọ̀kan mú ẹ̀gbẹ́ kan, kí èkejì mú ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọ̀gá ní "dúró." Kíákíá ti sáré. Ojúlé onígbàjámọ̀ tó wà lápá ọ̀tún wa ni gbogbo omi náà dà sí, lórí irun tí ọkùnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá jọ. Èmi ni mo lọ bẹ̀ ẹ́.

Àmọ́ nítorí ọmọ mi tó ń wo orí tábìlì, mo gbà. Sátidé nìkan. Wọ́n gbọ́dọ̀ ti fọ abọ́, kí wọ́n sì ti ṣe iṣẹ́ iléèwé. Tí mo bá gbọ́ ariwo ìjà lẹ́ẹ̀kan péré, màá gbà á.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kejì

Màámi,

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ máa bá wa pẹ́ o.

Mo fẹ́ ròyìn fún yín, torí Ọ̀gá sọ fún mi pé ilé ìdáná lẹ máa ń wà tá a bá ń ṣeré, pé ẹ ò fẹ́ fojú yín rí i. Sátidé àkọ́kọ́, a ò tíì kúrò ní èbúté tí ọkọ̀ fi rì. Ọ̀gá ló ń tukọ̀. Ó ní, "Kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí mò ń ṣe!"

Mo ní, "Ọ̀gá, tí a ò bá sọ̀rọ̀, báwo lo ṣe máa mọ ibi tí àpáta wà?"

Ó ní, "Màá mọ̀ ọ́n."

Àpáta ló mọ̀ ọ́n. Sátidé kejì, Kíákíá tẹ ẹ́ńjìnì débi pé ó gbiná lójú òkun gbalasa, tí èmi tí mò ń gbọ́n omi wá di ẹni tó ń wá omi kiri. Ìjà bẹ́ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ gbọ́ ọ, mo sì dúpẹ́ pé ẹ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Jẹ́jẹ́ wà lókè òpó ní gbogbo àkókò yìí. Ó ń rí gbogbo àpáta, ó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn tó fi ń sọ ọ́, ẹni tó jókòó tì í gan-an ò lè gbọ́ ọ.

Sátidé tó kọjá yìí ló wá ṣẹlẹ̀. A ti fẹ́ kọ lu àpáta kan tó tóbi bí ilé. Mo ń gbọ́n omi, mo ti gba kámú. Ṣàdédé ni ọmọ náà figbe ta: "Òsì! Òsì! Ọ̀gá, yà sósì!" Ìyá rẹ̀ sáré jáde pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́, ó rò pé epo gbígbóná ló ta sí i lára. Ọ̀gá yà sósì. A kọjá. Kíákíá ló wá bi wá pé, "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

Ọmọ mi ní, "Èmi ni."

Màámi, ó sọ ọ́ bí ẹni tí ẹnu ń ya òun náà.

Ìdíje kan ń bọ̀ lóṣù kẹrin fún àwọn ẹbí, láti ibi yòówù kí wọ́n wà. Ẹ̀bùn wà fún àwọn tó bá borí. Mo ti fi orúkọ wa sílẹ̀.

Ọmọ yín,
Awakọ̀


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù kejì

Ìwọ awakọ̀,

Mo ti gba tábúlẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́tà yìí ni mo fi í ṣe kẹ́yìn, tí mo bá ti fi ránṣẹ́ tán, inú àpótí mi ló ń lọ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á sì wà lọ́rùn mi.

Onígbàjámọ̀ wá bá mi lánàá, omijé lójú ọkùnrin náà. Ọmọ rẹ̀ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ti fi ẹ̀rọ ìgẹrun rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ lórí fóònù. Abẹ lásán ni bàbá fi ń fá orí oníbàárà báyìí. Mo bi í pé báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ìyá, ó ní géèmù lásán ni. Ó tún ní ìdíje ni. Nígbà tó yá, ó ní ẹ̀bùn wà níbẹ̀." Géèmù, ìdíje, ẹ̀bùn! Kí lo kọ sínú lẹ́tà rẹ? Tẹ́tẹ́ kò ní wọlé mi níṣojú mi. O ò sì sọ fún mi kó o tó forúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀.

Má pè mí.

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Màámi,

Ẹ kú ilé. Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni mo gbà fi èyí ránṣẹ́, torí ẹ ti ti ọ̀nà tó yá pa. Mo pè yín, ẹ ní "mo wà láàyè," ẹ sì gé e mọ́ mi létí.

Mi ò ní bú ìyá mi. Àmọ́ màá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún yín. Ní Sátidé, Jẹ́jẹ́ fi íápíìsì sétí, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó ń wo àyè Ọ̀gá àti àyè Kíákíá tó ṣófo. Mo ní kó dìde wá jẹun. Ó ní wọ́n ń bọ̀. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ bá a níbẹ̀, ó tutù. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, ó yọ íápíìsì létí, ó ní, "Bàbá, ṣé mo pariwo jù lọ́jọ́ yẹn ni? Ṣé ìyẹn ló bí Ọ̀gá nínú?"

Mo ní ìyá mi ló gba tábúlẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Nítorí pé mo pariwo?"

Láti ọjọ́ náà, nílé níbí gan-an, orí ló fi ń dá wa lóhùn. Á mì í síwájú tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, á mì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ká bi aláìsàn léèrè ká tó fún un lóògùn, ẹ ò bi mí léèrè nǹkan kan kẹ́ ẹ tó ti àpótí.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Màámi mi,

Mi ò tíì gbọ́ látọ̀dọ̀ yín. Ẹ má bínú sí ẹnu tí mo fi kọ lẹ́tà ìṣáájú. Inú ló ń bí mi, ẹnu mi sì ṣáájú ọgbọ́n mi. Ẹ̀yin lẹ tọ́jú mi dàgbà, ẹ mọ̀ pé mi ò lè fi ọwọ́ ara mi mú tẹ́tẹ́ wọ inú ilé yín.

Ẹ̀bùn tí mo kọ yẹn, àsìá ni. Àsìá kékeré kan tí wọ́n máa ń yà sára ọkọ̀ inú géèmù náà, kí ẹni tó bá rí i mọ̀ pé àwọn yìí ló borí. Kò sẹ́ni tó ń san owó, kò sẹ́ni tó ń gbà á. Èmi ni mo jẹ̀bi, mo kọ "ẹ̀bùn," mi ò ṣàlàyé.

Tíṣà tún pè wá. Nǹkan ò yí padà. Ó bi mí bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé, torí ó dà bíi pé ọmọ náà fẹ́ máa dán ohùn rẹ̀ wò níbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, tó sì tún padà sẹ́yìn. Màámi, ẹ dákun, tẹ́ ẹ bá ń gbèrò láti máa bá mi bínú lọ, ẹ máa bá a lọ, mo lè fara dà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀ yín


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Àkọ́bí mi, ọmọ ọkọ mi,

Ọjọ́ kan náà ni lẹ́tà rẹ méjèèjì dé. Ti ìbínú àti ti ẹ̀bẹ̀ jọ wà nínú àpò kan náà, mo sì kà wọ́n tẹ̀ léra. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ kó o má bàa rò pé lẹ́tà rẹ ló mú mi: kí wọ́n tó dé ni mo ti ṣí àpótí.

Mo lọ wo orúnkún ní ilé ìwòsàn. Bí mo ṣe padà dé ẹ̀yìnkùlé wa, mo gbọ́ ohùn àwọn ọmọ, mo sì ti múra láti làjà. Ìjà kọ́ ni mo bá. Wọ́n ti fi ẹfun ya ọkọ̀ sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n sì to gbogbo bókẹ́ẹ̀tì àti ìkòkò mi kalẹ̀ bí àpáta. Ọ̀gá ti fi gèlè mi di ara rẹ̀ lójú. Kíákíá wà lórí ògiri.

Ó ń sọ pé, "Ẹsẹ̀ méjì síwájú."

Ọ̀gá ní, "Ẹsẹ̀ méjì. Mo ti gbé e."

"Dúró. Yà sọ́tùn-ún díẹ̀. Díẹ̀ sí i."

"Ọ̀tún díẹ̀. Ṣé mo lè máa lọ?"

"Rárá, dúró ná, jẹ́ kí n wò ó."

Jẹ́ kí n wò ó! Kíákíá ló ń sọ bẹ́ẹ̀! Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò mí. Ọ̀gá, ọmọbìnrin tí kì í gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, gba àárín ìkòkò mi kọjá pẹ̀lú ojú dídì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò kan ọ̀kankan. Àwọn méjì tí kò lè jọ gbé omi nìyẹn o. Nígbà tó dé òdìkejì, mo jáde sí wọn. Ẹ̀rù bà wọ́n. Mo ní, "Kí lẹ̀ ń ṣe?"

Ọ̀gá tú gèlè lójú, ó ní, "Màmá, a ò fẹ́ gbàgbé ni. Ó lè jẹ́ pé ẹ máa dá a padà lọ́jọ́ kan, a ò sì fẹ́ kí Jẹ́jẹ́ wá bá wa bí òpè."

Ọmọ mi, nínú yàrá ìgbẹ̀bí, tí mo bá ní "aṣọ," ẹni tó wà pẹ̀lú mi á ní "aṣọ ń bọ̀." Tí mo bá ní "ẹ mú ẹsẹ̀ rẹ̀," á ní "mo ti mú un." Kò sẹ́ni tó ń dákẹ́, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kejì jà fún ọ̀rọ̀, torí ẹ̀mí méjì ló wà lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ ọdún la fi ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kékeré kó tó mọ́ wọn lára. Àwọn ọmọ tí mò ń pariwo lé lórí láràárọ̀ ti kọ́ ọ láàárín oṣù méjì, èmi sì lọ ń tì í mọ́ àpótí. Mo yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo fún Ọ̀gá.

Ní Sátidé, tí lẹ́tà rẹ ti dé, mo jókòó tì wọ́n nígbà tí Jẹ́jẹ́ wọlé sínú géèmù. Mi ò tíì yanu tí Kíákíá fi kígbe pé, "Jẹ́jẹ́, Màmá ló tì í mọ́ àpótí, kì í ṣe àwa!" Ẹ ò rí ọmọ burúkú! Mo gba íápíìsì lọ́wọ́ rẹ̀, mo bẹ Jẹ́jẹ́. Mo ní ohùn rẹ̀ kò pọ̀ jù. Mo ní kó lò ó tán pátápátá, kó má ṣẹ́ díẹ̀ kù. Ó wá ní, "Màmá, ẹ kúrò níbi ẹ́ńjìnì, ẹ jẹ́ kí Kíákíá jókòó."

Ìyá rẹ


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹrin

Màámi,

Lẹ́tà yín ṣì wà nínú àpò àyà mi, mo máa ń kà á tí bọ́ọ̀sì bá dé òpin ọ̀nà. Ilé ti kún fún ariwo. "Ọ̀tún! Dúró! Ta ló wà nídìí omi?" Kódà Jẹ́jẹ́ ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí atukọ̀ ní ilé ìdáná.

Ṣùgbọ́n wàhálà kan dé. Wọ́n ti yí àkókò iṣẹ́ mi padà, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n fi mí sí, ọjọ́ ìdíje sì bọ́ sí i. Mo bẹ ọ̀gá ibi iṣẹ́, kò gbà. Ìyàwó mi náà máa wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló máa jókòó ti Jẹ́jẹ́. Àbúrò mi ò lè dé. Òfin wọn sì ni pé ẹbí ni gbogbo àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ká fi sílẹ̀. Jẹ́jẹ́ ní, "Màmá ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín. Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Màámi, kí ni kí n sọ fún un?

Awakọ̀


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin

Ọmọ mi,

Tó o bá wà nídìí bọ́ọ̀sì, páàkì í ná kó o tó ka èyí.

Ọ̀gá ló kọ́ mi. Ní ojoojúmọ́ lẹ́yìn iléèwé, ó ń fi sùúrù kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbọ́n omi àti bí wọ́n ṣe ń ju okùn. Ìka mi le jù, mo ń tẹ gíláàsì náà bí ẹni tó ń wá orí ọmọ nínú ikùn. Ó ní, "Màmá, kò lóyún, ẹ fọwọ́ kàn án ni." Nígbà tí wọ́n bi mí pé orúkọ wo ni wọ́n máa kọ fún mi nínú géèmù, mo ní kí wọ́n kọ Ìyá Ọkọ̀.

Lọ́jọ́ náà, onígbàjámọ̀ gbé àga rẹ̀ wá. Ó ní òun fẹ́ wá fojú ara òun rí tẹ́tẹ́ tí òun kìlọ̀ rẹ̀ fún mi. Mo ní kó jókòó, kó má sì sọ̀rọ̀, pé àwọn tó wà nínú ọkọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀.

Àwọn ẹbí pọ̀ rẹpẹtẹ. Bí a ṣe ń lọ ni wọ́n ń já kúrò. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo gbọ́ àwọn kan tí bàbá àti ọmọ ń bú ara wọn tí ọkọ̀ fi rì. Nígbà tó fi máa di ìrìn àjò tó kẹ́yìn, a wà lára àwọn díẹ̀ tó kù. Òkun ọjọ́ náà burú. A kó gbogbo àwọn tó há, ó wá ku obìnrin kan àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ lórí àpáta tó jìnnà jù. Omi ti kún inú ọkọ̀ dé orúnkún mi, inú géèmù ni o, kì í ṣe nínú pálọ̀.

Ọ̀gá ní, "Ẹ jẹ́ ká padà. Àwọn tá a ti kó tó. Tá a bá rì, òfo ni gbogbo rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Èmi náà ti fẹ́ gbà. Ni mo bá gbọ́ ohùn láti òkè òpó.

"Rárá."

Ọ̀gá ní, "Kí lo sọ?"

"Mo ní rárá. Ọ̀nà kan wà láàárín àpáta méjì. Ó há, ṣùgbọ́n mo rí i."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú. Kíákíá, rọra. Màmá, ẹ máa gbọ́n omi títí màá fi ní kẹ́ ẹ ju okùn. Ọ̀gá, má yà kí n tó sọ."

Kíákíá ní, "Mò ń rọra." Mo ní, "Mò ń gbọ́n ọn." Ó wá ku Ọ̀gá. Mo yíjú wò ó. O mọ ọmọ náà, o mọ bí ọrùn rẹ̀ ṣe le. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ìwọ lo rí i. Mò ń dúró dè ẹ́."

"Òsì díẹ̀."

"Òsì díẹ̀."

"Dúró bẹ́ẹ̀. Dúró bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún báyìí!"

"Ọ̀tún!"

Mo gbọ́ tí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ha àpáta, egungun mi dùn mí. "Màmá, okùn!" Mo ju okùn. Kò bà wọ́n. Mo ní mo ti bà á jẹ́. Ọmọ yẹn ò pariwo mọ́ mi. Ó ní, "Kò ṣe nǹkan kan, Màmá. Ẹ tún un jù, ẹ sún un sọ́tùn-ún díẹ̀." Mo ti bá àwọn dókítà ṣiṣẹ́ tí kò mọ irú sùúrù yẹn. Mo ní, "Ọ̀tún díẹ̀." Mo jù ú. Ó bà wọ́n.

Mo kígbe pé, "Mo ti mú wọn! Ìyá àti ọmọ, mo ti mú wọn méjèèjì!" Ohun tí mo máa ń kígbe níbi iṣẹ́ nìyẹn, ó kàn jáde lẹ́nu mi ni. Onígbàjámọ̀ fò sókè, àga rẹ̀ ṣubú. Kíákíá tẹ ẹ́ńjìnì, Ọ̀gá yí wa padà sọ́nà ilé, Jẹ́jẹ́ sì ń pe ọ̀nà fún wa bí ẹni tí wọ́n bí sójú omi. A gúnlẹ̀. Wọ́n to orúkọ jáde. Tiwa ló wà lókè pátápátá.

Mo dìde, mo jó. Orúnkún ò rántí dùn mí títí di ọjọ́ kejì. Kíákíá àti Ọ̀gá dì mọ́ ara wọn, bí mi ò bá rí i, mi ò ní gbà á gbọ́. Mo sì ń gbọ́ Jẹ́jẹ́ nínú íápíìsì tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń ké, tó ń pe orúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo ti gbẹ̀bí púpọ̀, ọmọ mi. Mo mọ bí ohùn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ṣe máa ń rí, bó ṣe máa ń kún gbogbo yàrá tí àárẹ̀ á sì tán lára gbogbo wa. Ohun tí mo gbọ́ lọ́jọ́ Sátidé nìyẹn.

Ìyá Ọkọ̀


Ọjọ́ ogún, oṣù kẹfà

Màmá mi,

Ẹ kú ilé. Ẹ kú orúnkún. Bàbá ní kí n fi ọwọ́ ara mi kọ èyí, òun ò sì ní tún un ṣe.

Tíṣà pín wa sí ẹgbẹ́ márùn-ún márùn-ún, ó fún wa ní igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti gọ́ọ̀mù, ó ní ká kọ́ afárá tó lè gbé bíríkì. Ẹgbẹ́ tiwa, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pa pọ̀. Ọmọkùnrin kan ń já igi gbà, ọmọbìnrin kan ti ń sunkún. Mo jókòó. Mo ń wò wọ́n. Mo rí ibi tí afárá náà máa gbà dúró, àwọn ò rí i.

Mo fọwọ́ gbá tábìlì. Mo ní, ní èdè wọn, "Ẹ jẹ́ ká máa sọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ, di ibí yìí mú. Tó o bá ti dì í mú, sọ pé o ti dì í mú."

Gbogbo wọn wò mí. Mo mọ̀ pé mo pe ọ̀rọ̀ kan lódì níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tó ń já igi gbà ní, "Mo ti dì í mú." Lẹ́yìn ìyẹn a kọ́ ọ. Afárá wa gbé gbogbo bíríkì tó wà ní kíláàsì, tíṣà fúnra rẹ̀ ló jáde lọ wá òmíràn, ó sì tún gbé e. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún wa. Wọ́n ní kí ẹnì kan wá síwájú wá ṣàlàyé bá a ṣe ṣe é. Àwọn ẹgbẹ́ mi tì mí. Mo lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ohùn mi ò gbọ̀n.

Màmá, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi la jọ ń lọ sí kíláàsì tó kàn. Tíṣà kọ ọ́ sínú ìwé, ó fún Bàbá. Ó tún kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ nílé, pé mo ti ń sọ̀rọ̀ jù tí òun bá ń kọ́ wa. Bàbá ka ibẹ̀ yẹn, ó lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó rẹ́rìn-ín títí ìyá mi fi wá wò ó.

Ẹ kí Ọ̀gá. Ẹ sọ fún Kíákíá pé kó jẹun dáadáa.

Mo ti ka lẹ́tà yìí sókè fún Bàbá kí n tó fi ránṣẹ́. Ó ní kí n tún un kà. Ó ní kí n kà á sókè ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí àwọn ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà lè gbọ́.

Ọmọ yín